Ta Ló Ni Ẹja Inú Òkun? Òfin Tuntun ti Ghana àti Ohun Tó Fi Kàn Wá Níbí

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ mí sí ẹni tó máa ń ṣàlàyé owó-orí àti ìwé IRS. Lónìí, ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, torí pé owó wà nínú rẹ̀, ẹbí wà nínú rẹ̀, oúnjẹ inú ìkòkò wa náà sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Àwọn ọmọ ilé wa kan níbí, ní Prince George's County, ń dá owó jọ láti ra ọkọ̀ ìpẹja, ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n fún àwọn ẹbí wọn ní etíkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Òndó. Wọ́n gbé ìwé ètò náà wá fún mi ní College Park pé kí n bá wọn fi ojú akáńtáǹtì wò ó. Ìṣirò rẹ̀ dára. Àmọ́ mo rí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó ní ọkọ̀ náà yóò máa pẹja láti Ayétòrò títí dé Cotonou àti Tema, "nítorí pé òkun kò ní ọgbà."

Lóòótọ́, òkun kò ní ọgbà. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà, ó ní òfin, ó sì ní àwọn tó lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ èèyàn. Ní ọdún 2025, òfin ọ̀hún tún yí padà ní Ghana. Ẹni tó bá fẹ́ da owó tó fi òógùn ojú wá sórí omi, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ka òfin náà, tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè wa, kí tọmọdé tàgbà lè gbọ́.

Ta ló ni omi?

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá lè wa ọkọ̀ dé ibi tí ẹja wà ló ni ẹja. Àwọn Ìlàjẹ wa ti bá òkun lọ títí dé Cameroon àti Gabon. Àwọn Fante àti Ewe láti Ghana náà ti ń wá pàgọ́ sí etíkun Benin àti Àgbádárìgì láti ìgbà pípẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì rẹ̀ ní páṣípọ́ọ̀tù lójú agbami.

Ayé ti yí padà. Ní ọdún 1982, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ńlá lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí òfin òkun, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994. Ohun tó sọ kò le rárá. Máìlì orí òkun 12 àkọ́kọ́ láti etí omi, bí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà ló rí. Láti ibẹ̀ títí dé máìlì 200, ọkọ̀ gbogbo ayé lè kọjá, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó ni etíkun ló ni ẹja àti epo tó wà níbẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ pẹja níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Máìlì orí òkun yìí gùn díẹ̀ ju máìlì tí à ń wà lórí Route 1 lọ, kìlómítà 1.85 ni ọ̀kan. Torí náà, máìlì 200 jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 370. Nàìjíríà ti ṣe òfin máìlì 200 tirẹ̀ láti ọdún 1978. Amẹ́ríkà náà ti ń lo máìlì 200 fún ọ̀rọ̀ ẹja láti 1977.

Ẹ wá wo etíkun tiwa. Láti Tema dé Èkó, orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló tò síra wọn: Ghana, Togo, Benin, Nàìjíríà. Gbogbo etíkun Togo kò ju nǹkan bí kìlómítà 56 lọ. Apẹja tó gbéra láàárọ̀, tí afẹ́fẹ́ sì gbé e, lè ti wọ omi orílẹ̀-èdè méjì kí ilẹ̀ tó ṣú, láìmọ̀. Kò sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lójú omi tí wọ́n á ti dá a dúró.

Kí ni Ghana ṣe?

Òfin tí Ghana ń lò tẹ́lẹ̀ lórí ẹja ni Act 625 ti ọdún 2002. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ John Mahama fọwọ́ sí òfin tuntun, Act 1146, tó rọ́pò rẹ̀. Nǹkan pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni ti apá etíkun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré. Máìlì 6 ni tẹ́lẹ̀. Ó ti di 12. Trawler kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ wá pẹja.

Fún ẹni tí kò mọ trawler: ọkọ̀ irin ńlá ni, tó ń wọ́ àwọ̀n lẹ́yìn bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ló ń kó, ẹja ńlá, ọmọ ẹja, alábahun òkun, èyí tó ń wá àti èyí tí kò wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹja kéékèèké bíi ṣawa tí àwọn ọlọ́kọ̀ onígi ń lé, wọn kì í jìnnà sí etí omi. Bí trawler bá yọ́ wọ ibẹ̀ lóru, ẹja á lọ, àwọ̀n apẹja á fàya, nígbà mìíràn ọkọ̀ onígi á dojú dé pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ìwà kan tún wà tí àwọn ará Ghana ń pè ní saiko. Trawler á kó ẹja kéékèèké tí kò láṣẹ àtikó, á gbé e sínú yìnyín, á sì tà á lójú agbami fún ọkọ̀ onígi tí yóò gbé e wá sí èbúté. Àjọ Environmental Justice Foundation ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2017 nìkan, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 100,000 ẹja ló gba ọ̀nà yìí wọlé. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n kó ẹja apẹja tán, wọ́n tún tà á padà fún un.

Ẹ má sì rò pé àánú apẹja nìkan ló mú ìjọba yára. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó ń ra ẹja lọ́wọ́ Ghana, ti fi káàdì yẹ́lò hàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ní 2013 àti ní 2021. Wọ́n gba ti àkọ́kọ́ padà ní 2015. Bí yẹ́lò bá di pupa, ẹja Ghana kò ní wọ ọjà Yúróòpù mọ́. Ìbẹ̀rù pé ọjà fẹ́ bọ́ wà lára ohun tó bí òfin náà. Èmi ò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kì í tún ìsọ̀ rẹ̀ ṣe àfi ìgbà tí oníbàárà bá fẹ́ lọ.

Nàìjíríà ńkọ́?

Nílé, òfin tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ni Sea Fisheries Act ti ọdún 1992, èyí tí ìjọba ológun ṣe. Òun ló ní kí trawler má pẹja nínú máìlì 5 àkọ́kọ́ láti etí omi. Ní 2023, ìjọba dá Ministry of Marine and Blue Economy sílẹ̀, wọ́n sì fi Adegboyega Oyetola, tó ti jẹ gómìnà Ọ̀ṣun rí, ṣe mínísítà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹja kúrò lábẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi òfin méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìwé ìṣirò. Ghana, máìlì 12, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 22. Nàìjíríà, máìlì 5, nǹkan bí kìlómítà 9. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti lé trawler kúrò lọ́hùn-ún, láti máìlì 5 dé máìlì 12, àyè wà fún un nílé wa bó bá ti ní láísẹ́ǹsì. Bí ẹ bá dí ihò kan lára ògiri tí ẹ sì fi èkejì sílẹ̀, ẹ mọ ibi tí eku máa gbà. Mi ò sọ pé gbogbo trawler Ghana ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin rere ní ilé kan lè di ẹrù fún ilé kejì bí wọn ò bá jọ ṣe é.

Ta ni ẹrù náà máa wọ̀ lọ́rùn? Àwọn ará wa ní etíkun ni. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947, òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé ti lọ, ilé ìjọsìn ti lọ, ojú ọ̀nà ti lọ. Ẹni tí òkun ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹja tó wà nínú òkun yẹn nìkan ló kù tó lè fi gbọ́ bùkátà.

"Ṣebí ECOWAS ni gbogbo wa?"

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò tó ń dá owó náà bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ECOWAS ni gbogbo wa? Kí ló kan láísẹ́ǹsì?" Ìbéèrè tó dáa ni. Òótọ́ ni pé ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn kan ní 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì, kó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀ láìgba físà. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni àdéhùn yẹn fún láyè láti wọlé, kò fún un ní ẹja. Bí mo bá pè yín wá sílé mi, ẹ lè wọlé, kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹ ìyán. Ìyẹn ò ní kí ẹ ṣí fìríìsà mi, kí ẹ máa kó ẹja ibẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin ẹja tirẹ̀. Benin ṣe tirẹ̀ ní 2014, Togo ní 2016, Ghana ní 2025. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ lọ láti Ayétòrò dé Tema, òfin mẹ́rin ló máa là kọjá.

Ẹ rántí Bakassi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague dájọ́ pé Cameroon ló ni ín. Wọ́n ṣe àdéhùn Greentree ní 2006, ìyókù ilẹ̀ náà sì bọ́ sọ́wọ́ Cameroon pátápátá ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008. Apẹja tí kò ṣí kúrò lójú kan, omi tí bàbá rẹ̀ ti pẹja di omi orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, ẹja kò yí padà, ìjọba tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ló yí padà. Ẹni tó bá ní ààlà orí omi kò ní ìtumọ̀, kí ó lọ bi àwọn tó gbé ibẹ̀.

Ẹ wo odò tó wà lẹ́yìnkùlé wa

Kí ẹ má baà rò pé Áfíríkà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ilé níbí. Ní College Park, Indian Creek àti Paint Branch pàdé nítòsí Lake Artemesia tí à ń lọ rìn yípo lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n di Northeast Branch, ó ṣàn lọ sínú Anacostia, Anacostia sì lọ pàdé Potomac ní Washington. Potomac yẹn ló wà láàárín Maryland àti Virginia.

Ní ọdún 1632, ọba Gẹ̀ẹ́sì, Charles Kìíní, kọ ìwé tó fi gbogbo odò náà fún Maryland, títí dé etí omi ní ìhà Virginia. Ẹ rò ó wò: ẹ ń gbé létí odò, ẹlòmíràn ló ni omi. Ní 1785, wọ́n pàdé nílé George Washington ní Mount Vernon, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ìhà méjèèjì jọ máa pẹja níbẹ̀. Síbẹ̀, ìjà oyster kò tán. Oyster ni ẹran inú ìkarahun tí wọ́n máa ń jẹ ní tútù níbí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbọn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní 1959, àwọn ọlọ́pàá ojú omi Maryland yìnbọn pa ọkùnrin ará Virginia kan nítorí oyster.

Ikú yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n fara balẹ̀. Wọ́n ti kọ àdéhùn tuntun ní 1958, ó sì di òfin ní 1962. Ó dá Potomac River Fisheries Commission sílẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ ló ń jókòó níbẹ̀, mẹ́rin láti Maryland, mẹ́rin láti Virginia. Wọ́n jọ ń ṣe òfin kan ṣoṣo fún odò náà, àjọ yìí kan náà ló sì ń fún apẹja ìhà méjèèjì ní láísẹ́ǹsì. Ó gbà wọ́n ní ọdún 177 láti 1785 kí wọ́n tó débẹ̀, àwọn ènìyàn tó jọ ń sọ èdè kan, tí wọ́n jọ wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Nítorí náà, kí a má yára bú àwọn ará Ghana àti Nàìjíríà.

Ẹja rockfish tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Chesapeake níbí ni wọ́n ń bí púpọ̀ nínú wọn sí, wọ́n á sì rìn lọ títí dé New England. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí òkè, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán. Ní 1984, Congress ṣe òfin pé ìpínlẹ̀ tó bá kọ̀ láti tẹ̀lé ètò tí gbogbo ìpínlẹ̀ etíkun Atlantic jọ ṣe, ìjọba àpapọ̀ lè ti ìpẹja rockfish pa níbẹ̀. Òfin tó ní eyín nìyẹn. Maryland fúnra rẹ̀ ti ìpẹja náà pa láti 1985 títí di 1990. Ojú pọ́n àwọn apẹja gan-an. Ṣùgbọ́n ẹja padà wá, ní 1995 wọ́n kéde pé ó ti bọ́ sípò. Nígbà tí wọ́n tún kà á ní 2019, wọ́n rí i pé ó ti ń dínkù padà, wọ́n sì tún fún òfin mọ́ra. Iṣẹ́ yìí kì í tán.

Ojú owó àti èlé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí akáńtáǹtì. Ká ní ẹ ní 1,000 dọ́là ní báǹkì, tó ń mú èlé márùn-ún wá lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí ẹ bá ń ná 50 dọ́là lọ́dún, èlé lẹ̀ ń ná, owó yín á wà títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ yín. Bí ẹ bá ń ná 100 dọ́là lọ́dún, ẹ ti ń jẹ ojú owó. Lẹ́yìn ọdún 14, ohun tó máa kù kò ju nǹkan bí 20 dọ́là lọ. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ní ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń ná 100 á máa fi ẹni tó ń ná 50 ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ ayé jẹ.

Báyìí gan-an ni ẹja inú òkun ṣe rí. Èyí tí wọ́n ń bí lọ́dọọdún ni èlé. Èyí tó ń yé ẹyin ni ojú owó. Trawler tó bá gbá ọmọ ẹja lọ ń jẹ ojú owó, àwa sì tún jọ ni báǹkì náà pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wa. Ṣawa tó wà ní Ghana lónìí lè wà ní Togo tàbí Benin lọ́la. Bí ẹnìkan bá ń tọ́jú, tí ẹnìkejì ń ná, ẹni tó ń tọ́jú ni yóò rí ara rẹ̀ bí òmùgọ̀.

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àjọ kan wà tó dà bíi ti Potomac, orúkọ rẹ̀ ni Fisheries Committee for the West Central Gulf of Guinea. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2007, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Tema. Liberia, Côte d'Ivoire, Ghana, Togo, Benin àti Nàìjíríà ló wà nínú rẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ rere. Ó ń gba àwọn ìjọba níyànjú, wọ́n sì ń fún ara wọn ní ìròyìn nípa ọkọ̀ tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kò ní láísẹ́ǹsì kan ṣoṣo fún gbogbo omi, kò sì lè ti ìpẹja pa fún orílẹ̀-èdè tó bá kọ etí dídi. Eyín ni kò tíì hù.

Ọ̀rọ̀ ayé tún wà nínú rẹ̀. Ní 2022, nígbà tí ọmọ wa Ngozi Okonjo-Iweala ti di olórí Àjọ Okòwò Àgbáyé, WTO, wọ́n fẹnu kò pé kí ìjọba má fi owó ran ọkọ̀ tó ń pẹja lọ́nà ẹ̀bùrú lọ́wọ́ mọ́, àti àwọn tó ń lé ẹja tó ti fẹ́ tán. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ó ṣe pàtàkì, torí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti ìlú òkèèrè wá sí omi wa kò lè rí èrè bí kò bá sí owó epo tí ìjọba wọn ń fún wọn.

Ibi tí òfin ti ń jò

Òfin dára, ṣùgbọ́n ìwé ni. Mo rí ibi mẹ́ta tó yẹ kí a ṣọ́.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀. Òfin Ghana kò gba àjèjì láyè láti ni trawler tó ń pẹja níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn oníwàádìí ti fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn, owó àwọn ará China ló wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ọmọ Ghana ló kàn wà lójú ìwé. Àwa tí à ń ṣe ìṣirò owó mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ẹ má béèrè orúkọ ta ló wà lórí ìwé. Ẹ béèrè pé àpò ta ni èrè ń wọ̀.

Èkejì ni ẹni tó ń ṣọ́ omi. Máìlì 12 gbòòrò ju máìlì 6 lọ, ó ń fẹ́ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ púpọ̀ sí i, epo púpọ̀ sí i. Ghana máa ń fi òṣìṣẹ́ ìjọba sínú trawler láti máa kọ ohun tí wọ́n bá kó sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2019, Emmanuel Essien, ọ̀kan nínú wọn, sọnù lójú agbami lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bí ẹni tó ń ṣọ́ kò bá rí ààbò, ìwé tó ń kọ á di òfìfo.

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Kì í ṣe trawler nìkan ló ń ba òkun jẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ onígi kan ń lo dáyínámáìtì, àwọn kan ń da kẹ́míkà sómi, àwọn kan ń lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré débi pé ọmọ ẹja kò lè yọ. Ghana ti gbìyànjú láti máa ti òkun pa fún oṣù kan fún àwọn ọlọ́kọ̀ onígi láti 2019. Ní 2025, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi kígbe. Obìnrin tó ń yan ẹja kò ní oṣù kan tí kì í jẹun. Bí a bá ní kí ó dúró kí ẹja lè bí, ta ló máa bọ́ ọmọ rẹ̀ títí di ìgbà yẹn? Òfin tí kò bá dáhùn ìbéèrè yìí, òru ni wọ́n á máa rú u.

Kí ló kàn wá níbí?

Ohun àkọ́kọ́ ni owó tí a fẹ́ fi ránṣẹ́. Mo ti sọ fún àwọn ará wa pé kí wọ́n má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ títí wọ́n á fi rí ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún. Orúkọ ta ni ọkọ̀ náà máa jẹ́? Inú omi ibo gan-an ló ti máa ṣiṣẹ́, tó bá sì máa kọjá Sẹ̀mẹ̀, láísẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè wo ló ní? Báwo ni ojú àwọ̀n tí wọ́n fẹ́ rà ṣe tóbi tó? Bí ìjọba mìíràn bá gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀, ta ló máa san owó ìtanràn, ṣé àwa níbí ni tàbí apẹja lọ́hùn-ún? Bí òkun bá sì bàjẹ́, tàbí ìjọba ní kí wọ́n dúró fún oṣù kan, ṣé owó wà nílẹ̀ tí wọ́n á máa jẹ? Tí wọ́n bá kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì yọ Cotonou àti Tema kúrò nínú ìwé náà, èmi fúnra mi á fi tèmi sí i. Àwọn ẹbí yẹn nílò ẹ́ńjìnnì. Wọn ò nílò ẹjọ́.

Ohun kejì ni ẹja tí à ń jẹ. Láti 1989 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin pé edé tí àwọ̀n trawler kó, tí àwọ̀n náà kò sì ní ihò tí alábahun òkun lè gbà jáde, kò gbọdọ̀ wọ ibí. Láti 2018, oníṣòwò tó ń kó àwọn ẹja kan wọlé, títí kan cod, gbọ́dọ̀ lè fi ìwé hàn ibi tí wọ́n ti pa á àti ọkọ̀ tó pa á. Wọ́n fi edé náà kún un. Ẹja àrọ̀ ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀, ti ìlera ni tirẹ̀, kì í ṣe ti òkun. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá fọwọ́ sí nìkan ló lè fi í ránṣẹ́ wá. Àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 ni China, Thailand àti Vietnam. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba ẹja àrọ̀ gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní pápákọ̀ òfurufú, tí wọ́n á máa sunkún. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ fi kó ẹja tàbí edé wọlé ṣòwò, ẹ béèrè kí ẹ tó ra ọjà. Ìbéèrè ọ̀fẹ́ ni.

Ohun kẹta ni ohùn wa. Àwọn aṣòfin ilé ń gbọ́ràn sí ẹni tó ń fi dọ́là ránṣẹ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ wa bá lè kọ lẹ́tà nípa ojú títì àti iná mànàmáná, wọ́n lè kọ ọ́ nípa máìlì 5 yìí pẹ̀lú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú tó ń ṣojú Ìlàjẹ ní Abuja pé kí ni èrò rẹ̀ lórí òfin 1992, ní báyìí tí Ghana ti lọ sí 12. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú Àgbádárìgì àti Ẹ̀pẹ́ náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sójú omi, kó kọ́kọ́ wo bí omi ṣe rí. Ní tiwa lónìí, òfin wà lára ohun tó yẹ ká wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yín dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ àwọn ará wa tó wà lójú omi. Ire o.